Ẹ̀ṣọ́ Tó Jókòó Ti Ìtẹ́ Àṣá

Ilé Ìfọṣọ, Àjà Kẹta,
Ojúlé Kẹsàn-án, Òpópónà Ilé Ìkàwé.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹta.

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Àbójútó Ilé Ìjọba,
Gbọ̀ngán Ìlú.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ PÀṢẸ KÍ Ẹ̀ṢỌ́ SỌ̀KALẸ̀ LÓRÍ ÒRÙLÉ ILÉ ÌKÀWÉ

1. Èmi ni alágbàfọ̀ tó ń sá aṣọ sórí òrùlé tó kọjú sí ilé ìkàwé. Láti ìdí okùn aṣọ mi ni mo ti ń wo takọtabo àṣá kan tó kọ́ ìtẹ́ sídìí táńkì omi yín lórí òrùlé ilé ìkàwé náà. Akọ a máa gbé eku wá, abo a sì fẹnu já a wẹ́wẹ́ fún ọmọ méjì. Ayálégbé ìsàlẹ̀ wa tó ń sin adìyẹ ní olè ni mò ń gbè. Ó ń sọ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ àràárọ̀ ló ń gòkè wá wò wọ́n.

2. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gun òrùlé yín láti ya fọ́tò àwọn àṣá náà, àwa ẹgbẹ́ ayálégbé kọ̀wé sí yín pé kí ẹ ti ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn pa. Ẹ dá wa lóhùn kíákíá, a sì dúpẹ́. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ṣùgbọ́n dípò kọ́kọ́rọ́, ẹ̀ṣọ́ lẹ rán wá, ẹ sì ní kó má gbójú kúrò lára ìtẹ́ náà. Ó gbé àga àti agboòrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́ gan-an. Háà! Ẹ̀yin Ọ̀gá, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

3. Láti ìgbà náà, ìyá wọn kò balẹ̀ mọ́. Á máa yípo lókè, á máa ké, bó bá sì ti rí agboòrùn, á tún yẹra. Bàbá wọn ń ju eku sílẹ̀ láti òkè, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì lè já ẹran fúnra rẹ̀, kí ni yóò fi odidi eku ṣe? Ọ̀kan kú lánàá. Ó dùn mí wọra. Mo fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ nínú omi, mo sunkún.

4. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá ẹ̀ṣọ́ náà wí. Mo lọ bá a. Ó ní òun náà ti rí i pé òun gan-an ló ń lé ìyá àwọn ọmọ ẹyẹ náà, àmọ́ bí òun bá kúrò láìgba àṣẹ, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, òun náà sì lọ́mọ nílé. Òun gan-an ló ní kí n tètè bá òun bẹ̀ yín. Mo tẹ̀ yín láago. Akọ̀wé yín ní àfi kí n kọ ọ́ sínú ìwé.

5. Ọmọ àṣá tó kù ṣì ń gbórí sókè láàárọ̀ yìí. Ẹ dákun, ẹ kọ àṣẹ náà fún ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá. Ẹ̀ṣọ́ lè jókòó sídìí àtẹ̀gùn nísàlẹ̀. Bó bá sì ti pẹ́ jù fún ọmọ náà kí lẹ́tà yìí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má wulẹ̀ dá wa lóhùn mọ́. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ọkùnrin yẹn máa lọ sílé.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, tọkàntọkàn àti tẹ̀dùntẹ̀dùn,
Ìyá Aṣọ-Funfun,
Alágbàfọ̀ àti Alága Ẹgbẹ́ Ayálégbé.