Wọ́n Fi Wáyà Wọ Ọkàn Mi Lásìkò Igogo

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ọkọ ìyá mi,

Mo kí yín o. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn lọ́hùn-ún, ẹ bá mi fojú fo èyí tí mo bá ṣì kí. Ọmọ yín ẹlẹ́fẹ̀ ló ń kọ̀wé. Ẹnu mi kò tíì sinmi. Mo ti dàgbà ju bí ẹ ṣe wà nígbà tí ẹ lọ, irun ti tán lórí mi. Bí a bá pàdé lọ́nà báyìí, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀.

Ọkàn mi ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í lù bó ṣe wù ú. Yóò sáré bí ewúrẹ́ tó já okùn, yóò dúró bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe, yóò tún ta kìjí. Bí mo bá ń gun òkè díẹ̀ lóko wa ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, ojú mi á ṣú, ilẹ̀ á máa mì lábẹ́ mi bí ẹní tí atẹ́gùn fẹ́ gbé lọ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Màá dúró lẹ́bàá igi obì, màá máa wo òkè bí ẹni ń wo èso.

Bàbá, ibẹ̀ ni mo dúró sí lọ́jọ́ kan tí mo wá rántí pé ibẹ̀ gan-an lẹ̀yin náà máa ń dúró sí. Ẹ ó gbé ọwọ́ lé àyà, ẹ ó gbójú sókè, àwa ọmọ á dúró dè yín. Ṣé obì lẹ ń wò lóòótọ́? Àbí bó ṣe ń ṣe mí yìí ló ń ṣe yín? Nígbà tí ẹ ṣubú sídìí kòkó tí ẹ kò dìde mọ́, ṣe ni àwọn ará ilé ń fi ìfura wo ara wọn, wọ́n ń wá ẹni tó ṣe é. Ṣé kò sí ẹni tó ṣe é rárá?

Àsìkò ọdún Igogo ló wá le jù fún mi. Ẹ ò ní gbàgbé: wọn kì í lu ìlù l'Ọ́wọ̀ nígbà yẹn, agogo nìkan ni. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Ìlú dákẹ́, àyà mi ò dákẹ́. Mo sọ fún ìyàwó mi pé kó má jẹ́ kí àwọn ìjòyè gbọ́ o, pé ilé wa nìkan ni wọ́n ti ń lùlù. Ó gbé etí lé mi láyà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó pe Bọ́sẹ̀, ọmọ wa tó ń gbé n'Íbàdàn, Bọ́sẹ̀ sì wá kó wa lọ.

Dókítà ní iná kékeré kan wà nínú ọkàn tó ń sọ fún un ìgbà tó yẹ kó lù. Tèmi ti ń ṣẹ́jú bí iná ìjọba. Wọn ò ní la àyà mi. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n máa kì bọ iṣan níbi tí itan ti pàdé ikùn, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí á fi wọnú ọkàn, á wá ibi tí iná ti ń ṣìnà, á sì jó ibẹ̀ pa. Mo bi í pé ṣé bí a ṣe ń fi iná wá òkété nínú ihò ni. Ó ní ó fara jọ ọ́. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Ó wá ní bí mo bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ọkàn kó sì gba orí lọ. Ni mo bá ní kí wọ́n mú ọjọ́ fún mi.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ náà, nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Àkókó, wá fá ibi tí wáyà máa gbà wọlé. Mo ní kó rọra, pé irun tó ṣẹ́kù fún mi láyé nìyẹn. Ẹ̀rín pa á. Ló bá yọ fìlà aláwọ̀ ewé kan jáde.

“Bàbá, ẹ dé èyí.”

“Fìlà kẹ̀? Ìlú mi ń ṣe Igogo.”

“Ìbàdàn la wà, Bàbá.”

“Orí tí mo gbé wá, ti Ọ̀wọ̀ ni.”

“Ẹni tí kò bá dé fìlà kò lè wọlé o. Dókítà ń dúró.”

Mo fọwọ́ méjèèjì bo orí. Wọ́n bẹ̀ mí títí, Bọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ fún: èèwọ̀ náà ká mi lára, àmọ́ ẹ̀rù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo ń wá ọ̀nà tí mo lè gbà sá wálé kí wọ́n má pè mí ní ojo.

Ìyàwó mi dìde. Ẹ kò mọ̀ ọ́n, Ìdóàní ni mo ti fẹ́ ẹ lẹ́yìn tí ẹ lọ. Láwọn ọdún tó kọjá, bí Igogo bá ti dé, ṣe ló máa ń gba Ìdóàní lọ, á wé gèlè rẹ̀ ràgàjì, á ní èèwọ̀ Ọ̀wọ̀ kò kan òun. Àmọ́ níbẹ̀ yẹn, lójú gbogbo èèyàn, ó tú gèlè, ó ká a mọ́wọ́. Irun rẹ̀ funfun bí òwú.

“Èmi á bá yín pa èèwọ̀ náà mọ́ títí ẹ ó fi jáde,” ló wí. “Ẹ dé fìlà yín, Bàbá Bọ́sẹ̀. Ẹ yé dààmú ọmọ ọlọ́mọ.”

Mo dé e.

Abẹ́rẹ́ oorun wọlé, mo bá ara mi lóko. Kò sí oòrùn, síbẹ̀ ewé kòkó ń tàn bí ẹni pé wọ́n gbé àtùpà sábẹ́ wọn. Ilẹ̀ rọ̀, n kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara mi. Ẹ jókòó síwájú ahéré, ẹ ń sun iṣu. Ẹ kéré lójú mi, ẹ dà bí àbúrò mi. Ẹ ń fi ọ̀bẹ ha iṣu náà, òórùn rẹ̀ gba gbogbo oko. Mo jókòó tì yín, mo nawọ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pe àjèjì tó ń kọjá lọ́nà wá jẹun, ẹ kọ ẹ̀yìn sí mi. Ẹ jẹ iṣu náà tán, ẹ lá ọwọ́. Mo pè yín ní ahun. Ẹ kàn fi ọ̀bẹ tọ́ka sí ọ̀nà ilé.

Nígbà tí mo lajú, wọ́n ní kí n má ká ẹsẹ̀ mi. Àyà mi ń lù jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń lọ sóko tí kò kánjú. Bọ́sẹ̀ ní wọ́n ti rí ibi tí iná ti ń ṣìnà, wọ́n ti pa á. Èmi kò bá tìyẹn lọ. Ẹjọ́ yín ni mo ń rò fún ìyàwó mi, pé bàbá mi ti di ahun lọ́run.

Ó gbá ọwọ́ mi mú. “Ṣé ẹ jẹ níbẹ̀?”

“Kí ni mo ń sọ? Kò fún mi. Ebi ṣì ń pa mí.”

“Kò fún un yín rárá?”

“Èépá iṣu lásán, kò fún mi.”

Ó jókòó, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ta ló jẹun lọ́wọ́ ẹ̀yin ará ọ̀run rí tó tún padà wálé?

Bàbá, ẹ má bínú pé mo bú yín. Ẹ ṣé tí ẹ fi ebi lé mi wálé. Bó bá yá, màá wá jẹ tèmi, màá sì fi epo sí i. Àmọ́ ẹ má tíì dáná sí i.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ fẹ́ràn débi tí ẹ fi ebi pa á.