Mo Jókòó sí Kíláàsì Rẹ ní Ìkọ̀lé

Ìsàn-Èkìtì,
Ìparí oṣù kọkànlá, ọdún 2009.

Monísọ́lá ọmọ mi, Àrìnkẹ́ àkọ́bí mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlú Ìbàdàn, mo sì kí ọ kú ẹ̀ẹ̀rùn tó ń wọlé bọ̀ yìí. Bí ìwé yìí bá ti dé ọwọ́ rẹ, kí ó bá ire nílé, kí ó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Ara èmi le, ara bàbá rẹ náà le, àfi orúnkún rẹ̀ tó máa ń sọ fún un pé òjò ń bọ̀. Òjò ti lọ, ṣùgbọ́n orúnkún náà kò tíì gbọ́. Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí, a sì ti ṣe ìdúpẹ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá rẹ fi iṣu gàgàrà kan tọrẹ, nígbà tí wọ́n sì gbé e sí gbàǹjo, òun náà ló tún rà á padà, ó ní iṣu náà ń wo òun.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo fi ń kọ ìwé nígbà tí fóònù wà. Ọ̀rọ̀ yìí gùn, ọmọ mi, káàdì á tán kí n tó dé ìdí rẹ̀. Abíọ́dún awakọ̀ tó ń ná Ìbàdàn ni mo fi rán, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ bí kò ṣe ìwọ.

Nígbà tí o wálé ní ọdún Àjíǹde, o ní wọ́n ti gbé iṣẹ́ mìíràn lé iṣẹ́ rẹ ní yunifásítì, pé yàtọ̀ sí gbígba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn tí o ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, o tún ń kọ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì mìíràn bí àwọn náà yóò ṣe máa gba ọmọ nímọ̀ràn, lórí kọ̀ǹpútà, kálukú nínú ilé rẹ̀. Mo ṣe àmín, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Mo rò pé wọ́n ti fọgbọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni. Ta ní ń kọ́ ẹni tí kò rí? Àwọn àgbà ṣáà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo sọ ọ́ ní ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìyá, wọ́n sì gbàdúrà fún ọ gidigidi pé kí Ọlọ́run yọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ jáde nínú ẹ̀rọ. Nígbà tí mo ṣàlàyé pé olùkọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra wọn, ìyá Dúpẹ́ aládùúgbò wa bèèrè pé ta ló wá ń kọ́ àwọn ọmọ nígbà tí gbogbo olùkọ́ ti wọ kíláàsì.

Nítorí náà, nígbà tí o fi àdírẹ́sì kíláàsì náà ránṣẹ́ sí fóònù bàbá rẹ, pé ẹ ti gbé ọ̀kan síta kí gbogbo ayé lè wò ó, mo ní mo máa lọ fojú ara mi rí i. Àdírẹ́sì náà kọ́kọ́ dà mí láàmú. Kò ní nọ́ńbà ilé, kò ní àdúgbò, kò sí orúkọ ìlú kankan nínú rẹ̀. Bàbá rẹ ní bóyá abúlé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ dó ni. Mo wọ takisí dé Ọ̀yẹ́, mo wọ òmíràn dé Ìkọ̀lé, ó di ọ̀dọ̀ Oyèbánjí, ọmọkùnrin tó ṣí ilé kọ̀ǹpútà sí ẹ̀gbẹ́ ọjà. Aṣọ òkè mi ni mo wọ̀, mo sì wé gèlè, nítorí n kò ní lọ síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé kí wọ́n máa sọ pé ìyá olùkọ́ àwọn ló rí báyìí. Mo tilẹ̀ di àádùn lọ́wọ́ fún wọn. Oyèbánjí ló jẹ ẹ́.

Ó tẹ nǹkan, ojú rẹ sì yọ, ó kéré bíi fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Mo kí ọ, o kò dáhùn, mo ní kò burú, iṣẹ́ lo ń ṣe. Orúkọ àwọn olùkọ́ náà tò sí ẹ̀gbẹ́ kan, ará Sókótó wà níbẹ̀, ará Kàlàbá wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì ní ìbéèrè, àwòrán ọwọ́ á yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. N kò rí ẹnì kan tó kí ọ káàárọ̀ bó ti yẹ. Ọ̀kan tí wọ́n kọ Ọ̀jọ̀gbọ́n síwájú orúkọ rẹ̀ kàn pè ọ́ ní Monísọ́lá ṣákálá, bí ẹni pé òun ló sọ ọ́ lórúkọ. Mo bínú díẹ̀. Èmi náà wá na ọwọ́, mo nà án títí ó fi ń ro mí, o ń pe àwọn ẹlòmíràn, o kò pè mí. Mo bi Oyèbánjí bóyá gèlè mi ló bo ojú mi. Ó rọra ṣàlàyé fún mi pé ẹ ti ṣe kíláàsì náà láti oṣù tó kọjá, pé ohùn àti àwòrán tí ẹ fi pamọ́ ni mò ń wò, pé o kò sí níbẹ̀, àwọn náà kò sí níbẹ̀. Mo tú gèlè. Ó dùn mí, kí n má purọ́ fún ọ. Mo múra lọ rí ọmọ mi, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò dìde. Mo ti sanwó, Oyèbánjí sì ń túmọ̀ èyí tí òyìnbó mi kò gbé. O ní olùdámọ̀ràn gbọ́dọ̀ yan wákàtí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò ṣí, kó sì wà níbẹ̀ bó ti wí. O ní kí tábìlì má wà láàrin òun àti ọmọ. O tún ní kí wọ́n má fi èsì ìdánwò bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, torí ọmọ tó bá ti gbọ́ ìyẹn ti pa ẹnu dé. Obìnrin ará Kàlàbá kan wá bèèrè pé bí ọmọ bá jókòó tí kò sọ nǹkan kan ńkọ́, ṣé kí òun máa bá ọ̀rọ̀ lọ. O ní rárá, kí ó jókòó tì í, nítorí ọ̀rọ̀ tó bá wúwo máa ń pẹ́ kó tó gòkè. Mo wo ojú rẹ kékeré yẹn, orí mi wú. Ìwọ náà ṣáà mọ ẹnu mi, o mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi lo ti jogún ìyẹn.

Ní gbogbo ìgbà tí o ń sọ̀rọ̀, Fẹ́rànmí àbúrò rẹ ni mò ń rò. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì parí ìdaṣẹ́sílẹ̀ wọn tí àwọn ọmọ padà, òun náà padà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi tún kó ẹrù dé, ó ní ìdaṣẹ́sílẹ̀ ti ẹ̀ka tàwọn kò tíì parí, pé àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ nìkan ló kù. Mo gbà á gbọ́. Mo rò pé bí egbò ṣe máa ń jinná ni, tí gbogbo ojú rẹ̀ á ti gbẹ tí ibì kan á ṣì tutù. Ó ń bá bàbá rẹ lọ sóko, ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé, kì í jẹun tán, kì í sì wò wá lójú.

Bí mo ṣe délé, mo dá ọ́fíìsì sílẹ̀. Mo gbé tábìlì kékeré sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì jẹ́ kí wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni ilẹ̀kùn mi yóò máa ṣí. Bàbá rẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn. Mo ní kó má dá sí ọ̀rọ̀ yunifásítì. Àwọn tó bá ń ti oko bọ̀ á kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín pé, "Ìyá ọ́fíìsì, ẹ kú uṣẹ́ o." Ìyá Dúpẹ́ ló kọ́kọ́ wá, ó gbé ẹjọ́ ewúrẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ wá. N kò bi í ní èsì ìdánwò. Mo jókòó tì í, ó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, ó wá dúpẹ́, ó ní òun kò tíì rí ẹni tó gba òun nímọ̀ràn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo fi Ọlọ́run búra, n kò sọ nǹkan kan.

Mo wá rán bàbá rẹ sí Fẹ́rànmí, nínú ilé tí gbogbo wa jọ ń gbé, pé olùdámọ̀ràn fẹ́ rí i ní ọjọ́ Ẹtì. Ó rẹ́rìn-ín, èyí tí kò ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì wá. Mo ti gbé tábìlì kúrò. Igbá ègúsí ni mo gbé síwájú wa, a ń bó o. Mo bi í bóyá ó ti jẹun, ó ní òun ti jẹun. Mo dákẹ́. Àrìnkẹ́, ìrọbí rẹ kò le tó ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi dé ètè. Mo fẹ́ sọ fún un pé Dúpẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti padà síléèwé, mo fẹ́ bi í pé kí ló ń ṣe é gan-an, mo gbé gbogbo rẹ̀ mì. Bàbá rẹ yọjú láti yàrá, ó rí i pé n kò sọ̀rọ̀, ó bèèrè bóyá ó rẹ̀ mí ni. Mo juwọ́ sí i pé kó wọlé. Ègúsí ń lọ sílẹ̀ nínú igbá, ọmọ náà ń wo ìka ara rẹ̀, ó wá sọ̀rọ̀.

Ó ní òun purọ́ fún wa, pé kò sí ẹ̀ka tó ṣì ń daṣẹ́ sílẹ̀. Ìṣirò ló ṣubú lé òun. Wọ́n ní òun kò lè tẹ̀síwájú nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ mọ́, kí òun lọ wá ẹ̀ka mìíràn tí yóò gba òun kí ilé-ìwé tó lọ sí ìsinmi Kérésìmesì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á yọ orúkọ òun kúrò pátápátá. Ó lọ sí ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn rẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì. Ó tún padà lọ, títì náà ni. Ìtìjú ló gbé e wálé. Mo ń sunkún, mo sì ń bó ègúsí. Bàbá rẹ tó ti ń fetí sílẹ̀ lẹ́yìn ògiri jáde wá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti orúnkún yẹn, kò sì bá a wí. O mọ bàbá rẹ, o mọ̀ pé nǹkan ńlá nìyẹn.

Mo wá bi Fẹ́rànmí pé kí ló dé tí kò sọ fún ọ, ìwọ tí iṣẹ́ rẹ jẹ́ èyí gan-an, tí àwọn ará Sókótó ń na ọwọ́ sí. Ó ní òun pè ọ́. Ó ní ibùdókọ̀ ni òun wà pẹ̀lú ẹrù òun lọ́jọ́ tí òun ń bọ̀ nílé. O gbé fóònù, o ní kíláàsì rẹ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, o wá ní, "Fẹ́rànmí, èsì yín ti jáde? Kí lo gbà?" Ó ní òun fẹ́ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà kò gòkè. O pè é, ẹ̀lóò, ẹ̀lóò, ó ń gbọ́ ọ. O ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì Èkìtì yìí tún ti já, o gbé fóònù sórí tábìlì, o kò tẹ̀ ẹ́ pa. Ó ní òun dúró síbẹ̀, òun ń gbọ́ bí o ṣe ń kí àwọn olùkọ́ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí o ń bi wọ́n léèrè àlàáfíà, títí káàdì òun fi tán.

N kò kọ èyí láti bá ọ wí, ọmọ mi. O kò mọ̀, èmi tí mò ń sè fún un lójoojúmọ́ pàápàá kò mọ̀. Ohun tí o ń kọ́ wọn dára. Mo ti dán an wò lára ọmọ inú mi, ó sì jẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti ń rò ó. Èmi rí ọ ní Ìkọ̀lé lọ́jọ́ tí o kò sí níbẹ̀, mo gba ẹ̀kọ́ tó yọ ọmọ mi nínú òkùnkùn. Lọ́jọ́ tí o wà níbẹ̀, àbúrò rẹ kò rí ọ. Èyí ni kò yé mi nínú ọ̀làjú yìí, bóyá ìwọ tí o kàwé á lè ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Ọ̀dọ̀ rẹ ni mò ń rán an bọ̀ ní Sátidé, ọkọ̀ Abíọ́dún kan náà ni yóò wọ̀. Ìwọ lo mọ ẹni tó yẹ kó rí àti ọ̀nà tí wọ́n fi ń wá ẹ̀ka tuntun kí ìsinmi tó dé, torí ọjọ́ ti lọ púpọ̀. Ó ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó wu òun láti kà. Bàbá rẹ ní kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ Fẹ́rànmí nípa oko tí òun kò lè kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ló ti ń súfèé.

Nígbà tó bá ń padà bọ̀, fi owó díẹ̀ rán an sí wa. Kì í ṣe fún oúnjẹ, oúnjẹ wà. Ọ́fíìsì mi nílò àga, bẹ́ǹṣì tí àwọn ènìyàn ń jókòó lé ti já lẹ́sẹ̀ kan, bàbá rẹ náà nílò òróró tí yóò máa fi pa orúnkún. Jọ̀ọ́, má fi sí báǹkì. Èyí tí o fi síbẹ̀ níjọ́sí, ẹ̀rọ ara ògiri ní kí n mú nọ́ńbà àṣírí wá, èrò sì pọ̀ lẹ́yìn mi. Mo sún mọ́ ọn, mo sọ ọ́ sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò gbọ́, mo bá tèmi lọ.

Ọlọ́run tó fi ọ́ ṣe atọ́nà fún ọmọ ọlọ́mọ kò ní jẹ́ kí tiwa ṣìnà. Ilẹ̀kùn tí ìwọ àti àbúrò rẹ bá kàn, ẹni tí yóò ṣí i á wà nílé. O ò ní sin òkú wa tán kí ó tó kàn ọ́ láti jẹ oore, ojú wa ni o ó ti jẹ ẹ́. Àwọn tó ń pè ọ́ ní Monísọ́lá ṣákálá yóò kí ọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Bí Fẹ́rànmí bá dé, fún un lóúnjẹ ná. Bí ẹ bá sì wá ń sọ̀rọ̀ tí o rí i pé ó dákẹ́, Àrìnkẹ́ mi, kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì o.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, Ọmọ́wùmí.