Irin Oníhò Tí Mo Rà Nítorí Sàréè Yín

Dádì mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Inú ń bí mi, mi ò sì rí ẹlòmíì tí mo lè rò ó fún tí kò ní sọ pé kí n mú sùúrù. Sùúrù ti tán nínú mi. Ohun tí Bọ̀ọ̀dá Délé fi ilé yín ṣe ń rí mi lára.

Ẹ jẹ́ n mú un látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà òjò tó kọjá, Mọ́mì yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Egungun kankan ò kán, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba Bọ̀ọ̀dá ní Ìlọrin tí wọ́n wà. Wọ́n ní dandan ni kí kámẹ́rà wà nílé yìí, tí àwọn á fi máa rí Mọ́mì lórí fóònù, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àwọn á wá kó wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn. Ẹ̀yin náà mọ Mọ́mì. Láti ọjọ́ tí a ti sin yín síwájú ilé, kò sí àárọ̀ kan tí wọn kì í gbé àpótí ìjókòó wọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè yín. Wọ́n á fi aṣọ nu táìsì rẹ̀, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa ròyìn ilé fún yín: ẹni tó bímọ ládùúgbò, ẹni tó kú, bí gàrí ṣe tún gbówó lórí. Tí wọ́n bá dé Ìlọrin, ta ni wọ́n á máa ròyìn fún? Tẹlifíṣọ̀n?

Ni Bọ̀ọ̀dá bá rán ẹnjiníà kan wá láti Ìlọrin. Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi nídìí Pólì, níbi tí mo ti ń tẹ iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí mo fi máa dé, ọkùnrin náà ti parí, ó ti bá tiẹ̀ lọ. Dádì, orí sàréè yín ló gbé e lé! Ráàkì, ìyẹn àpótí onírin tí wọ́n ń to ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì sí, ni mo bá tó dúró gbagidi níbi orí yín. Ó ti fi dírìlì lu táìsì tí Mọ́mì ń nù láràárọ̀, ó ti dè é mọ́lẹ̀ pinpin. Kò tán síbẹ̀. Ó tún fi kámẹ́rà kan kọ́ òpó iwájú ilé, ó kọ ojú rẹ̀ sí sàréè, kó lè máa ṣọ́ ráàkì.

Mo pe Bọ̀ọ̀dá lórí fóònù. Ṣé ẹ mọ àlàyé tí wọ́n ṣe fún mi? Wọ́n ní ibẹ̀ ga, páànù bò ó, òjò ò lè kàn án, àti pé olè wo ló láyà tó máa wá jí nǹkan lórí sàréè? Wọ́n ní Dádì á máa bá wa ṣọ́ ọ. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín sí i. Ṣìọ̀! Ẹni tó fẹ̀yìn tì ní rélùwéè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ọmọ ẹ̀ tún wá gbà á síṣẹ́ ọlọ́dẹ lẹ́yìn ikú. Ǹjẹ́ ẹ bí irú èyí rí?

Kí n má tíì sọ ti wáyà. Ẹ̀yin tí ẹ tọ́jú wáyà tẹlifóònù rélùwéè títí irun yín fi funfun, tí ẹ máa ń fi òwú pupa dì wọ́n ní ìdì ìdì, tí ẹ bá rí wáyà tó lọ́ mọ́ra, ìfun ewúrẹ́ lẹ máa ń pè é. Ẹ ò bá wá wo èyí. Ìfun màlúù ni. Ó tú jáde lẹ́nu ráàkì, ó wọ́ nílẹ̀ gba orí àyà yín kọjá, kò sí ẹni tó lè sọ èyí tó lọ sí pálọ̀ àti èyí tó lọ sí gééètì. Kò pẹ́ tí eku fi kó wọnú ẹ̀. Ìtọ̀ eku, ìgbẹ́ alángbá, ìyẹ́ aáyán, gbogbo ẹ̀ ń hó nínú ooru ẹ̀rọ, fáànù rẹ̀ sì ń fẹ́ òórùn náà jáde sórí yín tọ̀sán tòru. Mo ṣílẹ̀kùn ráàkì náà lẹ́ẹ̀kan, mo sáré tì í padà.

Mọ́mì wò ó, wọ́n gbé àpótí wọn, wọ́n padà wọlé. Wọn ò jáde mọ́. Wọ́n á jókòó sí yàrá, wọ́n á kọjú sí ògiri, wọ́n á ti àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní àwọn ò lè máa bá ẹ̀rọ du ariwo kí ọkọ àwọn tó gbọ́ràn. Kámẹ́rà tí a torí ẹ̀ ṣe gbogbo rádaràda yìí náà ò kúkú ṣe dáadáa: tó bá ríran lónìí, á fọ́jú lọ́la. Bọ̀ọ̀dá tún bẹ̀rẹ̀ sí í halẹ̀. Tí kámẹ́rà ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa kóṣù ó tó parí, àwọn ń bọ̀ wá gbé Mọ́mì.

Ìjakadì lorò Ọ̀fà. Mo ní kò burú, èmi àti wáyà yìí la jọ máa wọ̀yá ìjà.

Ohun tí ẹnjiníà yẹn ò fi síbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní páàṣì-pánẹ́ẹ̀lì. Irin gbọọrọ kan ni, tó ní ihò ní iwájú. Gbogbo wáyà tó bá ti inú ilé wá á parí sí ẹ̀yìn rẹ̀, oníkálukú nídìí ihò tirẹ̀, èèyàn á sì kọ orúkọ sábẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan. Bọ̀ọ̀dá fi ọ̀kan rán awakọ̀ sí mi láti Ìlọrin. Mo ṣí i, ọ̀dà dúdú ara rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Gbogbo ihò rẹ̀ ni wọ́n ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Tí ọ̀kan bá bàjẹ́, odidi irin lèèyàn máa tú. Mo dá a padà sínú páálí.

Mo lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nígboro. Ó tún ń polówó irú ti Bọ̀ọ̀dá yẹn fún mi, pé òun ló kún lójú, òun ló gbayì. Ó wá fi eyín bó wáyà lójú mi báyìí, ó tu rọ́bà rẹ̀ sílẹ̀ pì, ó sì na wáyà olómi-itọ́ sí mi pé kí n wo bí kọ́pà rẹ̀ ti pupa tó. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Mo fi bébà mú un, mo fi èékánná ha á bí ẹ ti kọ́ mi ní kékeré. Funfun ló wà lábẹ́. Wọ́n kùn ún ni. Mo ju wáyà náà sílẹ̀ fún un, mo yan irin kejì tó gbé sí kọ̀rọ̀, èyí tó jẹ́ férémù lásán. Òun, ẹyọ ẹyọ lèèyàn ń ra ihò rẹ̀, ìyẹn ike kékeré tó ń gba ẹnu wáyà mú, èèyàn á tẹ̀ ẹ́ wọlé fúnra rẹ̀, tí ọ̀kan bá dójú tini, èèyàn á tẹ òun nìkan jáde, ìyókù á máa báṣẹ́ lọ. Ẹ kì í fẹ́ ohunkóhun tí a kò lè tú. Rédíò tí wọ́n bá lẹ̀ pa, ẹ kì í rà á. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá rí fọ́tò rẹ̀, wọ́n ní mo lọ ra ẹnu arúgbó tí eyín ti ká tán.

Mo gbé ráàkì kúrò lórí yín. Mo fi ọ̀rá bọwọ́, mo kó ìtẹ́ eku dànù, ọmọ eku tí kò tíì hurun wà nínú ẹ̀, yéèpà! Mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ sàréè yín, mo tún un fọ, kí òórùn yẹn tó fibẹ̀ sílẹ̀. Mo fi sìmẹ́ǹtì funfun dí ojú ihò tí wọ́n lu. Àpá rẹ̀ ò lọ tán, ẹ má bínú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo gbé ráàkì kọ́ sí, níbi tí ẹ máa ń fi kẹ̀kẹ́ yín tì. Mo gé wáyà, mo fi òwú pupa dì wọ́n, mo tẹ ihò wọlé, mo kọ orúkọ sábẹ́ wọn: Pálọ̀. Ẹ̀yìnkùlé. Gééètì. Èyí tó ti òpó iwájú ilé wá, tó ń wo sàréè, mo kọ Dádì síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Mọ́mì yọjú, wọ́n tẹ́tí sílẹ̀, wọn ò gbọ́ ariwo. Wọ́n lọ gbé àpótí wọn. Ẹ̀kọ àti àkàrà tí wọ́n jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ní láti tún lọ ra kún un. Kámẹ́rà ń ríran kedere. Mo rò pé ó ti parí.

Àṣé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí ẹ̀gbin ni. Bọ̀ọ̀dá jókòó sí Ìlọrin, wọ́n wo Mọ́mì lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀, tí ẹnu wọn ń mì, tí wọ́n ń fọwọ́ pa táìsì. Wọ́n gé fídíò yẹn, wọ́n jù ú sórí Wọ́ọ̀sáàpù ẹbí. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí gbogbo ẹbí wá wò ó, orí Mọ́mì ò pé mọ́, àwọn á wá kó wọn lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn kan ń fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí i, àwọn kan ń fi èyí tó ń sunkún. Àǹtí Bísí, àbúrò yín, ní kí wọ́n wá pásítọ̀ tó máa ṣe ìtúsílẹ̀ fún wọn. Ìtúsílẹ̀ kúrò lọ́wọ́ kí ni, Dádì? Kúrò lọ́wọ́ yín? Mo pe Àǹtí, mo bi wọ́n léèrè ta ni wọ́n máa ń bá sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń nu fọ́tò ọkọ wọn. Wọ́n pa ohun tí wọ́n kọ rẹ́. Ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá ò pa tiwọn rẹ́. Láti ìgbà ìsìnkú, ṣé wọ́n tiẹ̀ ti wá kí yín rí? Tí ẹ bá wà láyé, kí lẹ máa sọ fún wọn?

Mo lọ sídìí ráàkì. Mo fi ìka tẹ ihò Dádì jáde, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo jù ú sápò. Ìyókù ń tan iná tiwọn.

Kò pẹ́ tí Bọ̀ọ̀dá fi pè. Mo ní eku ló gé wáyà, ó sì ba ihò rẹ̀ jẹ́. Wọ́n rí pálọ̀, wọ́n rí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n rí gééètì, wọ́n rí Mọ́mì tó ń rìn, tó ń jẹun, tó ń bú ewúrẹ́ aládùúgbò. Kí ni wọ́n fẹ́ wí? Wọ́n bi mí ìgbà wo ni màá ra ihò mìíràn. Mo ní ó wọ́n ní Ọ̀fà. Sátidé dé, wọn ò wá.

Láàárọ̀ yìí, Mọ́mì nàka sí òpó, wọ́n bi mí bóyá ojú kékeré yẹn ń rí àwọn. Mo ní rárá, ó ti fọ́. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ò tíì rójú bá yín sọ láti ọjọ́ tí àwọn ti ṣubú. Wọ́n gbé àpótí wọn, wọ́n sún mọ́ yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kí ni wọ́n sọ, Dádì? Ẹ má dá mi lóhùn. Mo ti ilẹ̀kùn fún yín.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí ihò yín wà lápò rẹ̀.