Ohun Tó Ń Pa Síìlì Alùpùpù Mi

Ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà ìgboro. Ìyàwó wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ ò ní rí ibi, iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ yín. Àlàáfíà la wà níbí, àfi orúnkún tó ń dun ìyá rẹ, ṣùgbọ́n ẹnu ò dùn ún o, gbogbo àdúgbò ló lè jẹ́rìí sí i.

O ní kí n ta alùpùpù, kí n fi búrẹ́dì tí mò ń fi í gbé kiri sílẹ̀, kí n wá máa sinmi lọ́dọ̀ rẹ. O ṣeun, ọmọ gidi ni ọ́. Mi ò wá. Lóòótọ́, oníbúrẹ́dì ti ní bí èéfín alùpùpù mi bá tún bo búrẹ́dì òun ní Mọ́ńdè, ẹlòmíràn lòun máa gbé iṣẹ́ náà fún. Mo ní kó tó di Mọ́ńdè, n ó mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnì yìí.

Lọ́jọ́ tí mo pè ọ́, mo sún fóònù mọ́ èéfín náà kí o lè gbọ́ òórùn rẹ̀ dáadáa, o ní o ò gbọ́ nǹkan kan. Mi ò bá ọ wí, nẹ́tíwọ̀kì ibí ò dáa. Ọkùnrin tó ń tú ẹ́ńjìnì nínú fídíò tí o fi ránṣẹ́, mo kí i títí, kò dáhùn. Ẹni tí kò mọ àgbà, kí ló fẹ́ kọ́ mi?

Mẹkáníìkì wa ní síìlì fáàfù ló ń bàjẹ́. Rọ́bà kékeré kan ni, ó dé fáàfù lórí bíi fìlà kí ọ́ìlì má baà jò síbi tí iná ti ń jó. Ó pààrọ̀ rẹ̀, èéfín lọ, ó tún padà dé. Ó ní ayédèrú ni, a ra ojúlówó, ìyẹn náà tún ṣí kúrò lórí fáàfù. Ó fẹ́ fi òmíràn sí i, mo ní rárá o, a ò ní fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Bí àwòdì bá ń gbé adìẹ ẹni, ṣé adìẹ míràn lèèyàn ń sáré rà ni? Mo gbé àpótí, mo jókòó tì í. Ó mi fáàfù nínú ihò rẹ̀, kò mì. Ó fọwọ́ ra á, kò sí ohun tó lè gé rọ́bà lára rẹ̀. Ó wá ní ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ máa mí, pé páìpù kan wà lábẹ́ ìjókòó tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń gbà jáde, bí ibẹ̀ bá dí, afẹ́fẹ́ á máa ti ọ́ìlì, á sì ṣí fìlà náà dànù. Ló bá fa páìpù jáde. Háà! Àkísà ni wọ́n fi dí i lẹ́nu pinpin, wọ́n tún fi okùn dì í. Ìró ìyá rẹ tó ti gbó ni.

Ìyá rẹ ò tilẹ̀ sẹ́. Ó ní páìpù yẹn ń kán ọ́ìlì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí òun ń nù lójoojúmọ́, ṣé kí òun máa wo ẹ́ńjìnì tó ń tọ̀ sílé ni? Mẹkáníìkì ní bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ìyá rẹ ní kó lọ pa òwe yẹn fún ìyàwó rẹ̀.

A yọ àkísà, a fi síìlì tuntun sí i. Ní Mọ́ńdè, oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn alùpùpù, ó na aṣọ funfun sí ibi tí èéfín ń gbà jáde. Aṣọ náà ò yí padà. Ó ní kí n lọ di búrẹ́dì mi sẹ́yìn alùpùpù. Inú mi dùn, ọmọ mi, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Níbí, bí mo bá pẹ́ díẹ̀, àwọn tí mò ń gbé búrẹ́dì fún á ti máa bèèrè mi lẹ́nu ọ̀nà wọn. Lọ́dọ̀ rẹ, gbogbo yín á ti lọ síbi iṣẹ́, ta ló máa mọ̀ pé mo jí?

Fi owó ọ́ìlì díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Má gba ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ń pọ owó yẹn o, a ń jà. Ó ní kí n sọ nọ́ńbà àṣírí mi, mo ní kí òun náà kọ́kọ́ sọ tiẹ̀.

Wàá dàgbà, wàá darúgbó. Àwọn ọmọ rẹ náà á ní kí o wá sinmi, Ọlọ́run á sì fún ọ lókun tí wàá fi sọ fún wọn pé o ò wá.

Èmi ni bàbá rẹ.