Ìtànṣán Ojú Ọ̀run àti Oyún Ọmọ Mi

Ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé oyún inú rẹ ń ṣe dáadáa? Tiwa dára ju dáadáa lọ, nítorí ìyá rẹ ti tún di ìyàwó tuntun, mo sì ń dá rẹ́rìn-ín nídìí máṣíìnì ìránṣọ mi débi pé àwọn oníbàárà ń wò mí bóyá orí mi pé.

Ọkọ mi, tí gbogbo ọsibítù ń pè ní Ọ̀gá Egungun nítorí òun ló ń ya àwòrán egungun àwọn aláìsàn, ní kí n kí ọ. Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tí o rà fún wa dùn mọ́ ọn gan-an. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe sọ fún un níbi tí a ti ń jẹun pé inú bàálù ni o ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí o ti ń bójú tó àwọn èrò, pé o sì ń fi oyún pamọ́ fún ọ̀gá rẹ kí wọ́n má baà yọ ọ́ kúrò lórí ìrìn, ó gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó ní ìtànṣán kan ń bọ̀ láti ojú ọ̀run tó jọ ti ẹ̀rọ òun, bí èèyàn bá sì ṣe ń lọ sókè ló ń pọ̀ sí i. Ti ẹni tó wọ bàálù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kéré, kò tó ohun à ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ti ẹni tó fi ibẹ̀ ṣe ilé bí ìwọ máa ń kó jọ díẹ̀díẹ̀, ọmọ inú kò sì gbọdọ̀ gbà á púpọ̀.

Áà! Mo ní kí ló dé tí wọn kì í ti fèrèsé? Ó ní ara bàálù pàápàá ló ń gbà wọlé. Mo ní kí awakọ̀ máa fò wálẹ̀ díẹ̀ nígbà náà, ní gíga ilé alájà méjì, ṣé eré ìje ni? Ó ní ìyàwó mi, jọ̀ọ́. N kò gbọ́. Mo gé bébà onífàdákà tí a fi ń wé ẹran yíyan, mo fi ṣe láínì kaba aláboyún kan fún ọ, mo gbé e wọ̀ wò, ó ń dún ṣàràṣàrà bí mo ṣe ń yan kiri ilé. Ọ̀gá Egungun rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹ̀wù òjé tí òun ń wọ̀ níbi iṣẹ́ gan-an kò lè dá irú èyí dúró. Ẹnu rẹ ló lè ṣe é: kí o tètè sọ fún ọ̀gá rẹ, kí wọ́n dín ìrìn rẹ kù tàbí kí wọ́n fún ọ níṣẹ́ ilẹ̀.

Sọ ọ́ lónìí, ọmọ mi. Àwọn èrò lè gba omi lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra bàtà tó yẹ ìyàwó tuntun, kí o sì bá mi bẹ awakọ̀ kó fi wá síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n kì í rí ọ̀nà dáadáa láti ẹ̀yìn. Ọlọ́run yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọ bàálù yín tí ọ̀gá rẹ kò sì tíì mọ̀ nípa oyún náà, èmi ni màá kéde rẹ̀ lójú gbogbo èrò, kí n tó jókòó.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyàwó Ọ̀gá Egungun.