Àlejò Ìtálì Kò Gbọdọ̀ Dá Jẹun

Ìgàndó,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹjọ, 1987.

Olútáyọ̀ ọmọ mi, Àkànní ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí ní Ìkòyí? Ṣé ọbẹ̀ rẹ ṣì ń dùn mọ́ ọ̀gá rẹ ará Ìtálì lẹ́nu? Iṣẹ́ kúùkù tí ò ń ṣe níbẹ̀, iná rẹ̀ kò ní jó ọ lọ́wọ́, ẹni tó bá jẹ oúnjẹ rẹ kò ní sọ pé òun kò jẹun. Àlàáfíà la wà, àfi ti bàbá rẹ, ṣùgbọ́n n óò dé ibẹ̀. Òjò wó ògiri ilé ìdáná, ewúrẹ́ Wàsílátù aládùúgbò wa jẹ ilá mi, mo sì ti bá òun àti ewúrẹ́ náà jà.

Ìgò wáìnì pupa tó o fi rán Nùrẹ́nì awakọ̀ dé ọwọ́ mi láìfọ́. Mo ka ìwé tó o so mọ́ ọn lọ́rùn. O ní Sanjofésè ni orúkọ èso àjàrà tí wọ́n fi ṣe é, pé kì í fẹ́ dá wà, oúnjẹ ló máa ń bá rìn, ó bá ọbẹ̀ tòmátì mu, ó bá ẹran mu, ṣùgbọ́n òun àti ẹja kì í rẹ́. O ní kí n má gbé e sínú fíríìjì, kí n ṣí i sílẹ̀ kó mí díẹ̀. Mo gbọ́, ọmọ mi. Ẹni tó rìn láti Ìtálì dé Ìgàndó, kí ni kò ní jẹ́ kó fẹ́ mí? Ti fíríìjì yẹn dùn mọ́ mi nínú, nítorí a kò ní. Ti ẹja náà, mo rí i pé èèwọ̀ ìdílé wọn ni, n kò sì ní fi èèwọ̀ lọ àlejò.

Jẹ́ kí n wá sọ ti bàbá rẹ. Láti Àjíǹde tí a ti sin Pá Julius, ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ máa ń jẹun nílé wa, bàbá rẹ kò jẹun gidi mọ́. Wọ́n á bu òkèlè kan, wọ́n á ní àwọn ti yó. Dókítà wò wọ́n, ó ní kò sí àrùn lára wọn. Ṣòkòtò wọn ń já bọ́ nídìí, ẹ̀rù sì ń bà mí, n kò ní parọ́ fún ọ.

Nígbà tó di Sátidé tó tẹ̀lé ọjọ́ tí ìgò náà dé, mo lọ ra tòmátì ní ọjà Ìkòtún, mo ra ẹran ewúrẹ́, kì í ṣe ti Wàsílátù, má fòyà, mo sì se ìrẹsì. Ìdérí onígi tó wà lẹ́nu ìgò náà kò gbọ́ ti eyín, ìṣó àti ẹ̀mú ni bàbá rẹ fi fà á jáde. Mo gbé ìgò sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kó mí. Nígbà tó mí tán, mo gbé e sórí tábìlì níwájú àga Pá Julius, torí ibẹ̀ nìkan ló ṣófo, mo sì bu ìrẹsì àti ẹran síwájú rẹ̀.

Bàbá rẹ béèrè pé ta ló ni àwo yẹn. Mo ní àlejò ni. Wọ́n ní ìgò kẹ̀? Mo ní ọmọ yín ló kọ ọ́ pé kì í wà láìsí oúnjẹ, àbí ẹ fẹ́ kí ará Ìtálì lọ ròyìn ilé wa pé a jẹ́ kí òun dá jẹun? Wọ́n wo àga náà títí, omi bọ́ lójú wọn, èmi náà sunkún. Wọ́n wá ṣan ọwọ́, wọ́n ní ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni kí onílé máa wo àlejò lẹ́nu. Wọ́n jẹun, Táyọ̀, wọ́n ní kí n fi kún un. Wáìnì náà kan díẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n bó ṣe pàdé ọbẹ̀ tòmátì báyìí, ìjà parí.

Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe é títí ìgò fi gbẹ. Mo fẹ́ rọ omi sínú rẹ̀ kí n tún gbé e síbẹ̀, bàbá rẹ kọ̀. Wọ́n ní àlejò ti lọ sílé rẹ̀, kí n má fi omi tan àwọn jẹ. Wọ́n gbé ìgò kúrò fúnra wọn, wọ́n ti oúnjẹ tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n wá bi mí pé, Táyọ̀ ńkọ́? Ìsìnkú Pá Julius kò bá ọ nílé, láti ìgbà náà lo sì ti ń sọ pé ò ń bọ̀.

Nítorí náà, má fi wáìnì ránṣẹ́ mọ́. Wá owó ẹran díẹ̀, kí ìwọ àti owó náà jọ wọlé. Bí owó kò bá sí, ìwọ máa wá, ìwọ kò kórìíra ẹja.

Olúwa tó ń lò ọ́ láti bọ́ ọmọ ẹlòmíràn kò ní jẹ́ kí o dá jẹun lọ́jọ́ alẹ́ rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Matilda.