Ìró Tí N Kò Lè Ró
Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Inú ló bí mi tí mo fi kọ̀wé láti Alékúwodò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Iléròrò olómi sù sí ìbàdí mi lọ́dún tó kọjá. Ó ti jinná, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní ó ti ba iṣan ibẹ̀ jẹ́. Bí aṣọ bá fún mọ́ ọn, á máa ta mí bí iná.

Búbù ni mo wọ̀ lọ síbi ìsìnkú bàbá ọkọ mi n'Íléṣà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní ìyàwó ilé tí kò ró ìró kò ka òkú àwọn sí. Mo ṣí ìbàdí hàn wọ́n ní yàrá. Wọ́n ní, "Kí ló ń ṣe ara tó ń dán yìí?"

Nígbà tí iléròrò wà, wọn kì í jẹun nínú abọ́ tí mo bá fọwọ́ kàn. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé ó di ìgbà tó bá tún sù kí wọ́n tó gbà mí gbọ́?